Kí Ni Ó Ń Sọ Ènìyàn Di Ẹlẹ́rìí Ohùn Ẹ̀rọ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹnu olùkọ́ ilé kéú ló ti ń jáde. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìkirè àti Àpòmù ló ń bi wá pé, ṣé òótọ́ ni pé àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni kí wọ́n jókòó síwájú lásípíkà, kí wọ́n tẹ́tí sí i, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sínú ìwé ìròyìn, kí àwọn tó fẹ́ rà á lè mọ èyí tí wọn yóò rà? A ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ta ni kò ní etí? Ẹ̀rín yẹn ló mú wa gbé gègé. Etí wà lórí gbogbo wa lóòótọ́, ojú náà sì wà lójú gbogbo wa, síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí gbogbo ojú ni adájọ́ ń gbà.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1923 ni òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Compton Mackenzie dá ìwé ìròyìn Gramophone sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn ènìyàn nípa rẹ́kọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, J. Gordon Holt ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn kan, ó rí i pé owó ìpolówó tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń san ti ń wọnú ohun tí wọ́n ń kọ nípa ẹ̀rọ. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó dá Stereophile tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1962. Owó kò tó, ìwé ìròyìn náà kì í sì í jáde lásìkò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kà á ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Hi-fi ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìṣòótọ́ tó ga. Wọn kò pè é ní ohùn tó dùn, wọn kò sì pè é ní ohùn tó ròkè. Ohùn tí a fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni kó dá padà bó ṣe gbà á, láìbù kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a fún ní ohun ìpamọ́. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀rọ náà wò, tó ń sọ fún aráyé bóyá ó dá ohun ìpamọ́ náà padà pé, ẹlẹ́rìí ni.

Ẹlẹ́rìí kò sì lè jẹ́rìí ohun tí kò mọ̀. Ẹni tí kò jẹ dòdò Ìkirè rí nídìí iná tí wọ́n ti ń dín in, tí kò mọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà ṣe ń bá ata àti epo pupa pàdé, kò lè sọ fún wa bóyá èyí tí wọ́n tà fún un ní Èkó jọ ti Ìkirè. Yóò kàn sọ pé ó dùn ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ohùn rí. Ẹni tó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ nìkan ló ti ń gbọ́ ìlù láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tí kò dúró ti ìyáàlù rí kí awọ máa lu àyà rẹ̀, kí ló fẹ́ fi wé ohun tó ń gbọ́?

Ilé kéú ni etí tiwa ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọmọ bí ogójì yóò máa ka wàláà wọn lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálùkù níbi tó bá a dé. Àáfáà wa yóò jókòó sáàárín wa bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan ka síìn níbi tó ti yẹ kó ka sọ́ọ̀dì, ẹ ó rí i pé bàbá náà kò sùn. A máa ń rò nígbà yẹn pé ó ní ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan ni. Kò ní nǹkan kan ju pé ó ti mọ bí ó ṣe yẹ kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dún tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí èyí tí kò tọ́ fi máa ń gún un létí bí ẹ̀gún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú síìn àti sọ́ọ̀dì yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú lásípíkà. Ohùn kò ju afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n lọ. Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ a máa gbọ̀n bí ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n èémí tó ń ṣe ṣìì nínú síìn, òkè ìgbà 4,000 ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Tẹlifóònù onígbòòrò ayé ìgbà kan kì í gbé ju ìgbà 300 títí dé 3,400 lọ, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń bi ẹni tó ń pe orúkọ fún wa pé, “Ṣé S lẹ wí ni àbí F?” Lásípíkà tí kò lè gbé ohùn òkè, yóò sọ síìn, sáà àti sọ́ọ̀dì di ọmọ ìyá kan náà, ọmọ tó ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́ kíké yóò sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe eré ni ọ̀rọ̀ yìí nílé tiwa.

Ohun ìyanu kan tún wà. Lásípíkà ẹlẹ́nu gbàgàdà bí ìwo tó wà lórí ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn ìsàlẹ̀ rárá. Síbẹ̀ bí ládàánì bá pe ìrun, a mọ̀ pé ohùn ọkùnrin ni, a tilẹ̀ mọ ọkùnrin tó jẹ́. Ọpọlọ wa ló ń ti inú ohùn òkè tó kù ro ti ìsàlẹ̀ tó sọnù padà. Àánú ńlá ni èyí fún ẹni tó ń gbọ́ ìpè ìrun, ṣùgbọ́n ewu ni fún olùyẹ̀wò ẹ̀rọ, nítorí pé orí rẹ̀ lè máa fún un ní ohun tí ẹ̀rọ kò fún un.

Ohun méjì ni àwa fi máa ń dán ẹ̀rọ wò. Èkíní ni kíké Sheikh Mahmud Khalil al-Husary ti Íjíbítì, ẹni tó kọ́kọ́ ka Àlùkùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sínú ẹ̀rọ, tí ó jáde ní 1961. Ohùn kan ṣoṣo ni, kò sí ìlù, kò sí ohun tí àbùkù ẹ̀rọ lè sá pamọ́ sí. Èkejì ni àpàlà Àlàájì Hárúnà Ìṣọ̀lá. Àwọn kan yóò ní kí ló kan Àáfáà kan àpàlà. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló kàn wá níbẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tó dára, ẹ ó gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kan ara igbá. Nínú èyí tí kò dára, ẹ ó rò pé òjò ló ń rọ̀ sórí páànù. Agídìgbo náà wà nísàlẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan irin rẹ̀ ló ní ohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n lásípíkà burúkú yóò máa sọ gbùù, gbùù sí gbogbo wọn. Bàbá yìí mọ iyì ohùn púpọ̀, òun ló dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, ọdún mẹ́rin kó tó papòdà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ìdánwò tó le jù, ẹ gba ohùn ọmọ kan sílẹ̀, kí ẹ fi ọmọ náà àti lásípíkà sẹ́yìn aṣọ, kí ọmọ kà, kí ẹ̀rọ kà, kí àwọn tó jókòó máa sọ èyí tí í ṣe ọmọ. Gilbert Briggs, tó dá ilé iṣẹ́ lásípíkà Wharfedale sílẹ̀, ṣe ohun tó fara jọ ọ́ ní gbọ̀ngàn Royal Festival Hall ní London ní 1954. Ó kó àwọn olórin àti lásípíkà rẹ̀ sórí ìtàgé kan náà níwájú èrò rẹpẹtẹ, ó ní kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn. Ẹ wo irú àyà tí ọkùnrin yẹn ní.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀dọ̀ tiwa. Ọmọ kan wà tó kéú lọ́dọ̀ wa, tó ń tún rédíò àti ampilifáyà ṣe ní Àpòmù. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ra ẹ̀rọ sí gbọ̀ngàn tí àwọn ìyá àti àwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò méjì gbé ẹ̀rọ wá. Ti ọ̀kan tóbi, iná àwọ̀ búlúù ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, wọ́n sì kọ “1000 watts PMPO” gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ti èkejì kéré, ó dúdú, kò ní ẹwà kankan. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló ti gbà pé ti ńlá ni. Ọmọ wa tẹ̀ ba, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ńlá náà, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ka ohun tí wọ́n kọ síbí.” Iye iná tí ẹ̀rọ náà ń fà lára wáyà ni wọ́n kọ síbẹ̀, 40 watts. Ó ní báwo ni ẹni tó ń gba ogójì náírà lójúmọ́ ṣe lè máa ná ẹgbẹ̀rún kan náírà lójoojúmọ́? Àwọn àgbà wo ara wọn lójú.

Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dán wọn wò bó ṣe yẹ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ sọ tẹnu wọn. Inú gbọ̀ngàn náà gan-an ni kó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Kíké kan náà ni àwọn méjèèjì yóò kà. Ó tún wọn ohùn wọn títí tí ọ̀kan kò fi ròkè ju èkejì lọ, nítorí ọgbọ́n tí àwọn tó ń tajà fi ń mú wa nìyí: wọ́n á gbé èyí tí wọ́n fẹ́ tà sókè díẹ̀, etí wa kò ní mọ̀ pé ó ròkè, yóò kàn rò pé òun ló dùn jù. Lẹ́yìn náà ló ta aṣọ bo gbogbo rẹ̀. Ó ń pè wọ́n ní Kìíní àti Èkejì, ó ń pààrọ̀ wọn bó ṣe wù ú, kálukú ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí ẹ̀rọ ńlá láàárọ̀ ló fọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré lọ́sàn-án. Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ló sọ èyí tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, “Kìíní yìí, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Tọ̀hún, ariwo ni mo gbọ́.”

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìkàwé àwọn àgbà wa ló fà á. Floyd Toole àti Sean Olive, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà, gbé èsì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde ní 1994. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ni àwọn tó tẹ́tí. Nígbà tí wọ́n ń rí lásípíkà lójú, ìdájọ́ wọn ń tẹ̀lé bó ṣe tóbi tó àti iye tí wọ́n ń tà á. Nígbà tí wọn kò rí i mọ́, ìdájọ́ náà yí padà. Ojú ló ń gbọ́ràn fún wọn látẹ̀yìnwá.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò náà ló jẹ́ kí a mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ etí nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò náà lọ bá ọmọ yìí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi àpòòwé kan lélẹ̀, ó ní owó mọ́tò ni. Ó tún ṣèlérí pé gbogbo ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà òun fún odindi ọdún kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa gbé e wá. Ìyàwó ọmọ wa wà nínú oyún nígbà náà, ó sì jẹ gbèsè owó ṣọ́ọ̀bù. Ó wá bá wa lẹ́yìn ìrun alẹ́. Ìbéèrè tó bi wá kò kúrò lọ́kàn wa títí dòní. Ó ní, “Àáfáà, ṣé kò ṣeé ṣe kí n gba owó náà, kí n sì tún sọ òótọ́?”

A kò bá a jà. Ìbéèrè gidi ni, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Òyìnbó náà sì ń bi ara wọn, nítorí pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ló máa ń yá wọn ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń yẹ̀ wò, àwọn náà ló sì ń polówó nínú ìwé ìròyìn wọn. A ní kó jẹ́ ká gbà pé ó ṣeé ṣe. Ó gba owó lọ́wọ́ ẹnìkan, ó sì jẹ́rìí pé ẹ̀rọ ẹni náà ló dára, òótọ́ sì ni. Ní ọjọ́ tí àpòòwé náà bá jáde síta, ta ni yóò gba òótọ́ yẹn gbọ́? A rán an létí pé ọmọ Àpòmù ni. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọjà Àpòmù ni aáwọ̀ kan ti ṣẹlẹ̀ lórí ataare, ohun tí kò tó nǹkan, tó sì wà lára ohun tó bẹ̀rẹ̀ ogun tó pa Òwu run. Ọjà tí kò bá ti sí ẹni tí tọ̀túntòsì gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́, ataare lásán tó láti dáná sun ìlú.

Ó dá àpòòwé náà padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Oníṣòwò náà kò bá a rẹ́ mọ́. Ó ń sọ káàkiri pé ọmọ náà kò mọ iṣẹ́, fún bí oṣù mélòó kan ni àwọn kan kò sì gbé iṣẹ́ wá fún un. A kò ní parọ́ fún yín pé nǹkan kò le fún un.

Ẹ̀rọ tí a rà náà kò sì kọ́kọ́ dún bó ṣe yẹ nígbà tí a gbé e kọ́ sí òkè ògiri. Símẹ́ńtì gbalasa ni ògiri wa, páànù ló wà lókè. Ohùn a máa rin bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri bá jìnnà sí yín tó mítà 17, ohùn yóò lọ, yóò sì padà dé ọ̀dọ̀ yín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì gun orí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. Ọmọ wa ní kí a sọ lásípíkà náà kalẹ̀ sí ibi tí orí àwọn tó jókòó wà, kí a kọjú rẹ̀ sí wọn, kí a ta ẹní sára ògiri ẹ̀yìn, kí a sì dín ohùn kù. Dídín tí a dín ohùn kù, ọ̀rọ̀ yé àwọn ará ẹ̀yìn sí i. Àwọn kan kò tíì gbà èyí gbọ́ títí di ìsinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ńkọ́? Etí ọmọdé a máa gbọ́ láti ìgbà 20 títí dé bí 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n onídìí gbọọrọ tí a lò ní kékeré wa máa ń fọn fèrè tín-ín-rín kan, ìgbà 15,625 ni. Láti ìta la ti máa ń mọ̀ pé wọ́n ti tan tẹlifíṣọ̀n nílé aládùúgbò, kódà bí wọ́n bá pa ohùn rẹ̀. Lónìí tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún, bí ẹ gbé ọgọ́rùn-ún irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ síwájú wa, a kò ní gbọ́ fèrè náà. Toole náà rí i pé àwọn tí etí wọn ti ń kú, ìdájọ́ wọn kì í dúró sójú kan: ohun tí wọ́n yìn láàárọ̀, wọ́n lè bú u lálẹ́. Nítorí náà, kí olùyẹ̀wò kọ ọjọ́ orí rẹ̀ síwájú ohun tó kọ, kí ó sì ṣọ́ etí rẹ̀ bí arán aṣọ ọ̀ṣọ́ ọdún. NIOSH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, ní ohùn tó tó desibẹ́ẹ̀lì 85 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, bó bá sì ti fi 3 lé, kí a gé àkókò náà sí ìdajì. Tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti lásípíkà nílé ìyàwó láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ̀yin lẹ mọ iye tí ẹ ti ná.

Ìyókù ni ọ̀rọ̀ kíkọ, ibẹ̀ ni inú wa sì dùn sí jù. J. Gordon Holt jókòó, ó to àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ohùn jọ sínú ìwé kan tó jáde ní 1990, nítorí pé èdè tirẹ̀ kò fún un ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó fún un. Ta ló tún máa ṣe èyí fún Yorùbá? Ohùn wa lè há, ó lè ránmú, ó lè dún gooro, ó lè rinlẹ̀, ó lè ṣe kẹ̀kẹ̀ bí ẹni tó mu omi tútù. Ìlù lè dún gbì, ó lè dún gbìn-ìn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò sì ní láti gba àlàyé lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ èdè. A ti ní kí ọmọ wa máa kọ ọ́ lédè Yorùbá, kó má kọ “ó dára gan-an ni” sílẹ̀ fún wa.

Ó ti ra ìwé ńlá kan. Níwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó yẹ̀ wò, ó ń kọ ọjọ́ orí rẹ̀, gbọ̀ngàn tó ti gbọ́ ọ, kíké àti ìlù tó fi dán an wò, ẹni tó yá a ní ẹ̀rọ àti ọjọ́ tó dá a padà. Owó tó ń gbà kò yàtọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ olówó ńlá ni wọ́n rà, ì báà jẹ́ ti kékeré, ì báà má jẹ́ ìkankan. Láìpẹ́ yìí ni mọ́sáláṣí kan ní Ìkirè ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá wọn gbọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, fún bí ìdajì wákàtí. Ó dá wọn lóhùn pé ọjọ́ mẹ́ta ni òun fẹ́, kí wọ́n sì fún òun ní kọ́kọ́rọ́ mọ́sáláṣí, kí òun lè gbọ́ ọ nígbà tó ṣófo àti nígbà tí èrò kún un. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ẹni tó kàn fẹ́ tẹ́tí lásán. Títí tí a fi ń kọ èyí, wọn kò tíì fún un ní kọ́kọ́rọ́.